Ọ̀rọ̀ Tí Adégòkè Lẹ̀ Mọ́ Igi Mòríńgà

                                                            Oko Ọmọ Igi,
                                                            Ọ̀nà Ìlọrà,
                                                            Fìdítì,
                                                            Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                                            14 Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Fatihah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ṣakí? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń dá rìn lọ kírun? Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé kẹ́mísì rẹ ti bọ́ sójú pópó. Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Ara àwa náà le, òjò sì ń rọ̀ dáadáa.

O béèrè bóyá ó yẹ kí o gbé ìkànnì kẹ́mísì rẹ lé Adégòkè, àbúrò ọkọ mi, lọ́wọ́, nítorí ó ní òun á mú un dé ipò àkọ́kọ́ lórí Google. O ní tiwa ló fi ṣe àpẹẹrẹ fún ọ. Mo ka ibẹ̀, mo rẹ́rìn-ín tí kò dénú. O mọ̀ pé "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ nílé, nítorí wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ. Nínú lẹ́tà yìí, jẹ́ kí ẹnu mi sinmi.

Ṣé o rántí iṣẹ́ wa: èmi àti Nehemiah ọkọ mi ń gbin ọmọ igi tà, ọsàn, máńgòrò, ọ̀pẹ àti mòríńgà díẹ̀. Àwòrán igi àti nọ́ńbà fóònù nìkan ló wà lórí ìkànnì wa. Àwọn tó ń pè wá kò pọ̀, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ gidi ni wọ́n, láti Akinmọ̀ọ́rìn títí dé Jọ́bẹ̀lẹ̀. Ìgbà tí Adégòkè ti ibi ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan dé láti Ìbàdàn, ó jókòó sí pálọ̀ wa, ó na ẹsẹ̀, ó ní eré là ń ṣe. Ó ní ohun tó ń gbé ìkànnì ga ni kí èèyàn wádìí ọ̀rọ̀ tí aráyé ń tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ náà sí ojú ìkànnì tirẹ̀. Títí dé ibẹ̀, òótọ́ ló sọ, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Bí ẹni tó fẹ́ ra ọsàn bá ń tẹ̀ "ọmọ igi ọsàn tó tètè ń so", ó yẹ kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nehemiah bá sọ páásíwọ̀ọ̀dù wa fún un.

Ọsàn kò tẹ́ ọkùnrin yìí lọ́rùn. Ó wádìí lórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó rí i pé àwọn tó ń wá ọmọ igi kò tó nǹkan, àwọn tó ń wá oògùn ìtọ̀ ṣúgà ló pọ̀ bí eṣú. Ó lọ sí ojú-ewé mòríńgà wa, ó kọ ọ́ sókè gàdàgbà: "Oògùn ìtọ̀ ṣúgà tó dájú." Ó tún un kọ sábẹ́ àwòrán, ó tún un kọ láàárín, débi pé bí o bá ń ka ojú-ewé náà, wàá rò pé akólòlò ló kọ ọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹni tí kò mọ ewé mòríńgà yàtọ̀ sí ewé ẹ̀gẹ́ ló sọ ara rẹ̀ di dókítà.

Fóònù wa bẹ̀rẹ̀ sí í dún, mòríńgà ni wọ́n ń béèrè, a kò sì bi wọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Nehemiah ń yin àbúrò rẹ̀ kiri ṣọ́ọ̀ṣì. Adégòkè ra awò ojú dúdú, ó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá nínú ìwádìí ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń jẹ́ Rahmatullah sọ̀ lórí ọ̀kadà níwájú oko wa. Láti Ìsẹ́yìn ló ti wá. Kò wo igi kankan, ó ní kí n ta oògùn fún òun. Mo bi í pé oògùn wo. Ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí, ìkànnì wa ni mo rí. Ó ní láti ìgbà tí bàbá òun ti ka ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ti pa oògùn ọsíbítù tì, tí wọ́n ń se ewé mòríńgà mu. Egbò ẹsẹ̀ wọn ti wá ń rùn, òun sì rò pé ewé tiwa ló máa lágbára jù.

Mo ní, "Igi là ń tà, a kì í ṣe oníṣègùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé Bàbá lọ sí ọsíbítù lónìí."

Ó wò mí, ó ní, "Mà, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́ ni?"

Mo sáré lọ pe Nehemiah. Nehemiah fi mọ́tò gbé e padà, ó sì bá wọn gbé bàbá náà dé ọsíbítù. Wọ́n gé nínú ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn. Dókítà ní bí wọ́n bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i, gbogbo ẹsẹ̀ ni ì bá lọ.

Nígbà tí Nehemiah dé, ó pe Adégòkè, ó rọra ro ẹjọ́ náà fún un. Mo ń retí kí ojú tì í. Fatihah, ẹ̀rín músẹ́ ló rín. Ó ní, "Láti Ìsẹ́yìn? Bọ̀dá, ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ tí mo yàn ń ṣiṣẹ́."

Èmi ni mo bi í pé, "Kí lẹ máa sọ fún bàbá tí wọ́n gé ní ọmọ ìka ẹsẹ̀?"

Ó ní òun kọ́ ló ní kí wọ́n máa wá oògùn, òun kàn lọ pàdé wọn lọ́nà ni. Bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní á-bí-dí ló ṣe sọ ọ́, ó sì ń jẹ ẹ̀pà rẹ̀ lọ. Olè pàápàá mọ̀ pé olè lòun. Èyí rò pé olùkọ́ lòun.

Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà níṣojú rẹ̀, mo pa gbogbo ohun tó kọ rẹ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Bí o bá ń wá oògùn ìtọ̀ ṣúgà, a kò ní in. Ọmọ igi là ń tà. Má jáwọ́ nínú oògùn tí dókítà fún ọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ní egbò, lọ sí ọsíbítù lónìí." Adégòkè fò dìde, ó ní mo ti fi ipò àkọ́kọ́ ṣòfò. Nehemiah yí páásíwọ̀ọ̀dù padà, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún un. Títí di òní, kò tíì lọ wo bàbá náà. Orúkọ oko wa ló ń gbé kiri, kẹ́mísì ló sì wá kàn. Ro irú ẹni yìí nídìí oògùn.

Má fún un ní nǹkan kan. Bí o bá fẹ́ ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀, fetí sí bí àwọn oníbàárà rẹ ṣe ń béèrè nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí o sì kọ òtítọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ, kí o sì kúnlẹ̀ kí Ìyá fún mi.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ojú-ewé yẹn kò tíì lọ sílẹ̀. Àwọn tó ń wá oògùn ìtọ̀ ṣúgà ṣì ń bá a pàdé lókè, ohun tí mo kọ ni wọ́n sì ń kà. Láàárọ̀ àná, ọkùnrin kan pè mí láti Àwẹ́. Kò fẹ́ ra igi. Ó ní díẹ̀ ló kù kí ìyàwó òun da oògùn rẹ̀ nù kí wọ́n tó ka ọ̀rọ̀ wa, pé ọsíbítù làwọn wà báyìí, wọ́n ti tò sórí ìlà, kí n jọ̀ọ́ bá àwọn gbàdúrà. Mo bá wọn gbà á, Fatihah, láàárín àwọn ọmọ igi, tèmi ti iyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ mi.

                                                            Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò jẹ́ tàn ọ́,
                                                            Josephine.