Nọ́ńbà Ara Ṣíbí Bàbá Mi

Sàlísù ọmọ mi,

Mo kí ọ kí ọkọ̀ tó gbé tákàdá yìí tó gúnlẹ̀ l'Ékòó, mo sì tún kí ọ lẹ́yìn tó bá padà. Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá rẹ Afọlábí ń ṣe dáadáa sí ọ? Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí omi gbé ẹnì kan nínú wa lọ kí àwọn tó kù má mọ ibi tó já sí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi àdúrà yẹn ṣáájú, wàá rí ìdí rẹ̀. Ìyá rẹ Sèlíátù kí ọ, ó ní kí o má máa jáde láàárọ̀ láìbo àyà nítorí atẹ́gùn ọ̀sà. Bísíríyù aládùúgbò wa náà kí ọ, ó ní kí o bá òun béèrè bóyá àwọn òyìnbó ti ń ka ẹja inú ọ̀sà náà, nítorí láti oṣù tó kọjá ni ọ̀bọ̀kún ti ń sá fún àwọ̀n òun.

Ilé wa dúró. Ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ìbọn ọkọ̀ ogun òyìnbó fọ́ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ti fi amọ̀ dí i lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ ó tún máa ń là, bí ẹni pé ògiri náà kò fẹ́ gbàgbé. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ọ̀kan ń fọmú, èkejì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ èyí tó rọrùn tán.

Èyí tó mú mi jókòó kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ ìyá mi, màmá rẹ àgbà Kúlúsúmù, àti nọ́ńbà tí mo fi rán ọ. Mo ti ṣe àṣìṣe, Sàlísù. Èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe ìwọ, kì í sì í ṣe akọ̀wé àwọn sójà. Jẹ́ kí n tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí mo sọ fún ọ tẹ́lẹ̀ kò pé.

O mọ̀ pé n kò mọ bàbá mi Sàlàkọ́ dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tó fi ọkọ̀ kó iyọ̀ láti Èkó lọ sí ọjà Ìkòròdú, tí àwọn ajínigbé sì kó òun àti iyọ̀ àti ọkọ̀ lọ. Ọdún kọkàndínlógójì rèé. Ìyá mi kọ̀ kí àbúrò ọkọ rẹ̀ ṣú òun lópó, ó ní a kì í ṣú obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò tíì kú. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n bínú títí, wọ́n sì dákẹ́. Nígbà tí a tẹ̀lé ọba wa tí òyìnbó lé kúrò l'Ékòó wá sí Ẹ̀pẹ́ níbí, tí oníkálukú ń sáré wá ọkọ̀ tó máa gbé ẹrù rẹ̀, ìyá mi ń ti ojúlé dé ojúlé láàárín àwọn tó fẹ́ dúró. Ó ń sọ fún wọn pé bí ẹnì kan bá dé tó ń béèrè Kúlúsúmù, kí wọ́n ní Ẹ̀pẹ́ ni.

Ìyẹn ni Mùsílímátù, oníṣòwò epo tó ti Sàró wá, fi rí wa. Ó ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, bàbá arúgbó kan tó ń fa ẹsẹ̀ òsì fún òun ní ṣíbí irin kan létí òkun Sàró, ó ní kí òun mú un lọ fún Kúlúsúmù aya Sàlàkọ́ l'Ékòó. Bàbá náà ní ọkọ̀ ogun òyìnbó ló gba òun lọ́wọ́ àwọn tó ń kó òun lọ, tí wọ́n sì gbé ìbọn lé òun lọ́wọ́ kí òun tó mọ ilẹ̀ tí òun tẹ̀, pé òun ṣe sójà títí egungun òun fi gbó. Orúkọ tí wọ́n fún un níbẹ̀ kì í ṣe Sàlàkọ́, kò sì sọ ọ́ fún Mùsílímátù. Ó ní nọ́ńbà òun wà lára ṣíbí náà, pé ẹni tó bá fi nọ́ńbà yẹn béèrè òun, ìwé àwọn sójà yóò dá a lóhùn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sí ọ nígbà náà pé kí o bi ìwé náà léèrè bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dùn ún, bóyá ó ń kírun, àti ta ni ó ń se oúnjẹ fún un. O kọ̀wé pé akọ̀wé rẹ́rìn-ín. N kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Ìwé tó mọ bí ènìyàn ti ga tó, tó mọ àpá ara rẹ̀, báwo ni kò ṣe ní mọ̀ bóyá ó jẹun?

Bísíríyù ní nọ́ńbà gan-an ni òun kò fẹ́ràn, pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ẹni tí wọ́n bá sì kà bí àgbàdo, sísè ni wọ́n fẹ́ sè é. Ìyá mi dá a lóhùn pé ẹnu rẹ̀ ni àwọn ẹja gbọ́ tí wọ́n fi sá. Ìyá mi ní tirẹ̀ gbà pé ipò bàbá mi lórí ìlà ni nọ́ńbà náà, pé nígbà tí àwọn òyìnbó bá ń dá àwọn sójà padà sílé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, bí àwọn obìnrin ti ń to korobá sídìí kànga, àti pé ẹni tó bá mọ nọ́ńbà tirẹ̀ yóò mọ ìgbà tó kàn án. N kò sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó sọ fún mi ohun tí wọ́n ń fi nọ́ńbà ènìyàn ṣe.

Wàyí o, àṣìṣe mi. N kò mọ àmì tí òyìnbó fi ń ka nǹkan, nítorí náà mo ṣe àpèjúwe wọn fún ọ: òrùka méjì tó gun ara wọn, lẹ́yìn náà ọ̀pá kan tó nà ró, lẹ́yìn náà ìwọ̀ ẹja tó ká ìdí rẹ̀ pọ̀. Mo tò wọ́n bí mo ti ń ka ìwé láti ìgbà tí mo ti jókòó níwájú wàláà, láti ọwọ́ ọ̀tún wá sí òsì. Mo ti ka ìwé Lárúbáwá tó pọ̀, Sàlísù, nípa ìràwọ̀, nípa ogún, nípa àwọn ọba tó ti lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ fún mi pé àwọn kan wà láyé tó ń bẹ̀rẹ̀ láti òsì. Bí mo ti tò ó ni ìwọ náà fi gbé e fún akọ̀wé.

Tákàdá rẹ dé pẹ̀lú ọ̀dà pupa tí wọ́n fi dì í lẹ́yìn, tí ìyá rẹ rò pé oògùn ni, tó fẹ́ ha díẹ̀ fún ikọ́. O ní ìwé dáhùn pé ẹni tó ni nọ́ńbà ẹgbẹ̀rin lé mẹ́rìndínlógún kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, pé ibà ló pa á ní erékùṣù kan lókè òkun. Ọkàn mi kọminú díẹ̀. Mo bi ara mi pé kí ni arúgbó tó ń fa ẹsẹ̀ ní Sàró tún lọ ṣe ní erékùṣù. Ṣùgbọ́n mo rí ọ̀dà pupa, mo rí ìkọ̀wé, mo sì gbà. Ẹni tó bá ti fẹ́ràn ìwé jù, ìwé lè mú un lọ síbi tí kò sí.

A kírun sí i. A ṣe sàráà. Ìyá mi kò sunkún. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó wọ ìyẹ̀wù lọ jókòó ṣe opó. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun kò mọ ohun tí òun jẹ́, pé òun ti wá mọ̀ báyìí. Mo rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó dà bí ojú ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ló ti lò níbẹ̀ nígbà tí Mùsílímátù tún wá ra epo ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó béèrè ìyá mi, a ní ó ń ṣe opó. Ó ní ta ló kú. Mo kó ohun gbogbo sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ṣíbí àti tákàdá rẹ. Ó fi ìka sára ṣíbí, láti òsì, ó kà á jáde pé ẹgbẹ̀ta lé méjìdínlógún. Ó wo tákàdá rẹ. Ó tún padà wo ṣíbí. Ó wá rọra sọ fún mi pé, “Bàbá Sàlísù, òkú olókùú lẹ gbé wọlé.”

Mo jáde lọ dúró létí ọ̀sà. Kò sí ohun tí mò ń wò. Lẹ́yìn náà mo wọlé, mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, mo sọ ọ́ fún un fúnra mi. Ó ní, “Ṣàmsúdéènì, gbogbo ọjọ́ ayé rẹ lo fi ń kàwé láti ọ̀tún, o ò tilẹ̀ yọjú wo òsì rí.” Lẹ́yìn náà ó béèrè èwo ló kéré nínú nọ́ńbà méjèèjì. Mo ní ti bàbá mi ni. Ó ní a jẹ́ pé ó ti súnmọ́ iwájú ju bí òun ti rò lọ.

Àfáà Sàlímọ́nù ní kí ó dìde lọ́jọ́ náà gan-an, pé kò sí opó lórí obìnrin tí a kò rí òkú ọkọ rẹ̀, àti pé ọ̀fọ̀ àjèjì kì í kọjá ọjọ́ mẹ́ta. Òótọ́ ni ó sọ, mo mọ ojú ìwé tó wà. Ìyá mi ní òun gbọ́. Ó ní ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ni nọ́ńbà kejì yẹn, ó ní ẹni tó bí i, ó sì ṣeé ṣe kí ó ní obìnrin kan létí omi kan tó ń wo ọ̀nà títí di ìsinsìnyí. Ó ní, “Àfáà, kò sẹ́ni tó jókòó fún un. Ẹ jẹ́ kí n bá obìnrin yẹn jókòó tán.” Àfáà gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó lọ. Oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ ló kù tí yóò jáde.

Ohun kan wà tí n kò lè bi akọ̀wé. Ní ọdún tó kọjá tí àwọn sójà òyìnbó lọ jà ní Ìkòròdú, Kúbúrá àbúrò ìyá rẹ, tó ń gbé ní Ìgbògbò, sọ pé dúdú bíi tiwa ni wọ́n, pé ọ̀kan nínú wọn fi èdè wa béèrè omi, èdè àtijọ́ bíi ti àwọn ìyá àgbà. Ó fún un lómi, lẹ́yìn náà ó gbọ́ ìró ìbọn. Láti ìgbà tí ṣíbí yìí ti dé ni mo ti ń bi ara mi pé ọmọ ta ni bàbá mi yìnbọn sí. Wọ́n jí i gbé, wọ́n gbà á sílẹ̀, wọ́n sì rán an lọ sí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn? Bí ìwé bá lè dáhùn èyí, má bi í. Mo fẹ́ rí bàbá náà ná.

Tákàdá kejì tó bá tìrẹ wá, tí akọ̀wé ní kí n dáhùn ìbéèrè inú rẹ̀, Mùsílímátù kà á fún mi, mo ti dáhùn. Níbi tó ti béèrè orúkọ, mo kọ Sàlàkọ́, ọmọ tó wáyé pẹ̀lú àpò lórí. Níbi tó ti béèrè bó ti ga tó, mo kọ pé orí rẹ̀ máa ń kan ìtẹ́rígbà ilé wa l'Ékòó, kí akọ̀wé lọ wọ̀n ọ́n, ilé náà ṣì wà níbẹ̀. Níbi àpá, mo kọ pé ó ní ojú iná lọ́wọ́ ọ̀tún, èmi ni mo ti ìkòkò lù ú nígbà tí mò ń rákò. Mùsílímátù ní ẹgbẹ́ sójà kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀rẹ̀ kíkà tirẹ̀ láti ení, nítorí náà àwọn tó ń jẹ́ ẹgbẹ̀ta lé méjìdínlógún lè pọ̀. Bẹ akọ̀wé pé kí ó wo gbogbo wọn, kí ó wo ojú iná náà, kí ó sì kọ̀wé sí Sàró. Mo fi ẹja yíyan mẹ́fà ránṣẹ́ sí i, àti ọ̀kan fún ẹni tó ń gbá ilé tí ìwé náà wà.

Ìwọ náà fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ìwọ̀nba tó máa gbé mi dé Èkó. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ìlà tí wọ́n kọ ọ́ sí. N kò ní fọwọ́ kàn án. Bí mo bá dé, kọ́ mi láti òsì.

Ọlọ́hun yóò ṣọ́ ọ ní ilé àti lójú omi. Orúkọ rẹ kò ní sọnù sínú orúkọ tí ẹlòmíràn fún ọ. Ibi tí a bá kọ ọ́ sí, wọn yóò rí ọ, ibi tí wọn kò bá kọ ọ́ sí, Ọlọ́hun yóò rí ọ. Àmín.

Mo fẹ́ dì í kí n tó rí i pé ìbéèrè kan kù ní ìsàlẹ̀. Mùsílímátù túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ó ní kí ẹni tó ń béèrè sójà yìí kọ ohun tó jẹ́ sí i. Wọ́n kọ ìyàwó, wọ́n kọ opó, wọ́n ní kí a pa ọ̀kan rẹ́. Mo mú gègé lọ bá ìyá mi nínú ìyẹ̀wù. Ó ní kí n fi ìka òun lé ibi tí méjèèjì wà, mo fi lé e. Ó ní, “Má pa ìkankan rẹ́.”

Bí akọ̀wé bá fẹ́ pa ọ̀kan rẹ́, Sàlísù, má gbà fún un.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ṣàmsúdéènì ọmọ Sàlàkọ́,
ní Ẹ̀pẹ́.