Ọmọ Mẹ́tàlélógójì àti Ààbọ̀

Aaliyah ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé ní Àgọ́-Ìwòyè níbẹ̀. Ṣé o ń sùn dáadáa? Ṣé o ń jẹun, àbí ìwé nìkan lo ń jẹ? Gbogbo wa létí omi níbí ń kí ọ, àtàwọn tí o mọ̀ àtàwọn tí a bí lẹ́yìn tí o lọ. Mo mọ̀ pé o máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá pè ọ́ ní ọmọ mi, torí ọdún mẹ́jọ péré ni mo fi jù ọ́ lọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi Ùsmán, bàbá tó bí ọ, ti kú, èmi Bàdírù ni bàbá rẹ, bíi bàbá ni mo sì ṣe ń kọ̀wé yìí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé torí pé fóònù máa ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Bírò kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ tí o rán mi. O ní ìwé tí ẹ̀ ń kọ ní yunifásítì dá lórí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ogun Waterside, o sì fẹ́ mọ iye ọmọ tó ń wá sí ilé-ẹ̀kọ́ abúlé wa ní tòótọ́, àti pé bí o kò bá rí iye tó ṣeé gbára lé kí oṣù yìí tó parí, ọ̀gá tó ń yẹ ìwé rẹ wò yóò yọ abúlé wa kúrò nínú rẹ̀. Aaliyah, ẹnikẹ́ni kò ní yọ wá. Mo ti sọ ọ́.

Tìmílẹ́hìn tó ń tẹ̀wé fún èèyàn ní Ìbíadé ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Ó wo inú fóònù rẹ̀, ó ní ọmọ igba ó lé mẹ́rìndínlógún ló wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ó tún wo ibòmíràn nínú fóònù kan náà, ó ní mẹ́rìnléláàdọ́rùn-ún. Mo bi í pé kí ló dé tí ẹnu kan ń sọ ọ̀rọ̀ méjì, ó ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mo bá yá fóònù náà, mo gbé e wálé, mo kọ ojú rẹ̀ sí fèrèsé kíláàsì kó lè fojú ara rẹ̀ rí àwọn ọmọ náà. Mo dúró títí apá fi ń ro mí. Igba ó lé mẹ́rìndínlógún náà ló ṣì ń wí. Mi ò rí nǹkan olórí kunkun bẹ́ẹ̀ rí, èmi tí gbogbo abúlé ń pè ní olórí kunkun.

Mo lọ bá Ọ̀gá Nathaniel, hẹ́dímásítà wọn. Èèyàn dáadáa ni. Ó ní omi ti wọ kọ́bọ́ọ̀dù níjọ́sí, ó ba ìwé àtijọ́ jẹ́, orí lòun fi rántí orúkọ tó wà nínú ìwé ìpè-orúkọ tuntun. Mo ṣí i, mo rí orúkọ tìrẹ gan-an ní kíláàsì kẹta, wọ́n sì fi àmì sí i pé o wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Inú bí mi pé o wálé láìyà kí wa. Ọ̀gá Nathaniel ló wá bẹ̀ mí, ó ní ọkàn òun kì í gbà kóun yọ orúkọ ọmọ tó bá mọ̀wé.

Ni mo bá ní kí n kà wọ́n fúnra mi. Mi ò tíì ka ẹyọ mẹ́fà tí Nimotalahi tó ń yan ẹja fi ju abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, tó pariwo mọ́ mi pé ta ló ní kí n máa na ìka sí ọmọ òun, ṣé mo fẹ́ kí wọ́n dín ni. O mọ àwọn ìyá ibí, wọn kì í fẹ́ kí èèyàn ka ọmọ àwọn. Mo ní ọmọ yunifásítì ló rán mi. Ó ní kí ọmọ yunifásítì náà bí tirẹ̀ kó máa kà á.

Ìgbà náà ni mo rántí bàtà. Láti ìgbà tí wọ́n ti rẹ́ sìmẹ́ǹtì sí ilẹ̀ kíláàsì, ẹnu ọ̀nà làwọn ọmọ ń bọ́ bàtà sí nítorí ẹrẹ̀. Kò sì sí ìyá tó ní ká má ka bàtà. Mo kà á, mẹ́tàdínláàdọ́rùn-ún. Mo pín in sí méjì, ọmọ mẹ́tàlélógójì àti ààbọ̀, mo sì ní kí Tìmílẹ́hìn fi ránṣẹ́ sí ọ. O ní ọ̀gá rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, pé kò sí ọmọ tó ń jẹ́ ààbọ̀. Ọ̀gá rẹ kò sí níbẹ̀, èmi ni mo kà á.

Mo padà lọ wá ààbọ̀ náà. Mo jókòó ti bàtà títí wọ́n fi jáde, oníkálukú ń wọ méjì méjì, ó wá ku Ṣùkúrát ọmọ Nimotalahi. Ẹyọ kan ló wọ̀. Ó ní ti òsì já bọ́ sómi látinú ọkọ̀. Inú mi dùn, mo ní ìwọ lààbọ̀ tí mò ń wá. Ọmọ náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó bi mí pé, Bàbá Kékeré, ṣé bàtà lẹ wá kà ni àbí ọmọ? Ó ní àwọn tí kò ní rárá ńkọ́? Mo yíjú. Ẹsẹ̀ lásán pọ̀ nínú ọgbà náà, Aaliyah. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi ń ka bàtà, mi ò rí wọn.

Ṣùkúrát náà ló mú ọ̀nà wá. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa mú ìkarahun ìṣáwùrú kan bọ̀ láràárọ̀, kó fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ sínú agolo lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ rò ó títí, kò rí ohun tó máa fi bá wa jà. Mọ́ńdè, mẹ́tàdínláàádọ́rin. Túsìdè, bákan náà. Wẹ́sìdè tó jẹ́ ọjọ́ ọjà, mọ́kànlélọ́gbọ̀n péré. Tọ́sìdè, mẹ́rìndínláàádọ́rin, ibà ló dá ọmọ kan dúró. Fráìdè, mẹ́tàdínláàádọ́rin padà. Mẹ́tàlélógójì tó ní bàtà pé, Ṣùkúrát, àti mẹ́tàlélógún tí kò ní. Ìkarahun náà ni mo dì sínú àpò márùn-ún, mo kọ ọjọ́ sí ara wọn, awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí ló mú wọn wá. Kí ọ̀gá rẹ kà á fúnra rẹ̀. Mo ti fọ̀ ọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ rùn mọ́.

Nǹkan kan ń dùn mí. O ní o máa fi orúkọ mi sínú ìwé náà báyìí pé Bàdírù, kí o wá kọ ọdún yìí tẹ̀ lé e. Ojú orí sàréè nìkan ni mo ti rí orúkọ tí wọ́n kọ ọdún sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Jọ̀ọ́, yọ ọdún náà. Kọ ọ́ ní Bàdírù àti Ṣùkúrát, torí òun ló mọ ìṣirò jù mí lọ.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún bàtà mẹ́tàlélógún. Ti Ṣùkúrát, ẹsẹ̀ òsì nìkan ni kò ní, bẹ oníbàtà kó gba ìdajì owó.

Ọlọ́hun yóò jẹ́ kí ìwé rẹ yọrí. Orúkọ rẹ kò ní parẹ́ níbi tí wọ́n bá ti ń pe àwọn tó mọ̀wé, àti nínú ìwé Ọ̀gá Nathaniel pẹ̀lú. Ọjọ́ tí wọ́n bá dé ọ ní fìlà yunifásítì, gbogbo wa mẹ́tàdínláàádọ́rin àtèmi ni a máa wá, àwa kan lè má wọ bàtà. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bàdírù, tó ṣì wà láàyè.