Ẹni Tí Bọ́lá Kọ́ Ti Ń Wa Bàálù Ńlá

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Bọ́lá ọmọ mi pè láti Ìlọrin, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ ti ríṣẹ́ bàálù ńlá, òun ṣì wà nínú kékeré. "Màámi, ó ti sú mi. Mo fẹ́ padà wálé."

Wálé wá ṣe kí ni?

Mo sọ fún un pé ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, ọmọ iṣẹ́ tó bá gba fìrídọ́ọ̀mù ṣì máa ń dúró kọ́ àwọn tuntun, kí iṣẹ́ lè wọ̀ ọ́ lára.

"Ṣé torí tiwọn lẹ ṣe ń dá wọn dúró, Màámi, àbí torí iṣẹ́ yín?"

Ọmọ burúkú.

Mo bi í pé kí ló ní lọ́la. Ó ní ọmọbìnrin kan máa dá nìkan wa bàálù fún ìgbà àkọ́kọ́, òun á sọ̀kalẹ̀, á máa wò ó láti ilẹ̀. Ẹ̀rù ń ba ọmọ náà.

"Bó o bá wálé, ta ni yóò dúró dè é?"

Ó ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ balẹ̀ ná."

Ti ọ̀la nìkan nìyẹn; mi ò mọ ti ọ̀túnla. Ilẹ̀ mi ní Ganaja tí mo tà fi rán an lọ kọ́ṣẹ́ yìí, ẹni tó rà á ti kọ́lé síbẹ̀, ó ti ń kùn ún lọ́dà.