Mo Sọ fún Wọn pé Ṣakí ni Mo Ti Wá

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìrora, ẹ kú àfaradà. Mo kí Bọ̀dá Akin àti ìyàwó wọn, mo kí gbogbo ará ilé lókè àti nísàlẹ̀. Mo gbàdúrà pé ìbàdí tí ẹ fi ṣubú yẹn ti ń rọ̀, pé ẹ lè sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn báyìí láìjẹ́ pé ẹnì kan dì yín mú. Mo bẹ Bọ̀dá Akin tí yóò ka lẹ́tà yìí fún yín pé kí wọ́n má fo ọ̀rọ̀ kankan, bí ojú tilẹ̀ ń tì mí. Mo ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ìjọ wa níbí pẹ̀lú. Ojú gbogbo wọn ni mo ti purọ́.

Ìyá, mo sẹ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Ìlọrin le fún mi. Ọyẹ́ ibí ju ti Kétu wa lódìkejì ẹnubodè lọ, ó ń la ètè, ó ń mú kí òwú máa já lójú abẹ́rẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ní àdúgbò Fate, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé ni mò ń rán láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, ọ̀gá mi kì í sì í bá mi sọ ju ọ̀rọ̀ ìwọ̀n lọ. Yorùbá ni gbogbo ènìyàn ń sọ, síbẹ̀ bí mo bá ti la ẹnu, wọ́n á yíjú wò mí. Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé, mo pe ilé ìwé ní ẹkọ́ọ̀lù bí a ṣe ń fi Faransé pè é nílé, oníbàárà kan sì bi mí bóyá mo ní ìwé ìgbélùú. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó bá mi wá yàrá ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bí mo bá sọ pé òdìkejì ẹnubodè ni mo ti wá, kò sẹ́ni tí yóò gbà mí sílé. Nítorí náà, nígbà tí Àlùhájà tó ni ilé bi mí ní ìlú mi, mo ní Ṣakí. Mo rò pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni n ó sọ ọ́.

Rónkẹ́ ló mú mi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà ni, ó gbé aṣọ wá fún mi láti rán, ó sì bèèrè ohun tí mo máa ń ṣe lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo ní mo máa ń sùn ni. Ó ní oorun kì í ṣe ẹbí ènìyàn, ó sì wá mú mi lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Màmá Adéoyè tí í ṣe olórí ẹgbẹ́ obìnrin ṣí ìwé wọn, wọ́n bi mí ní orúkọ àti ìlú. Àwọn mìíràn tò sẹ́yìn mi. Mo ní Ṣakí, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọdún méjì ni mo fi jẹ́ ọmọ Ṣakí láàrin wọn. Èmi ni mo rán aṣọ akọrin. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, àràárọ̀ ni Rónkẹ́ ń gbé ògì wá kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó sì fọ aṣọ mi. Ìyá, lẹ́yìn yín, kò sí ẹni tó fọ aṣọ mi rí. Bí inú mi ti ń dùn sí wọn tó, bẹ́ẹ̀ ni àyà mi ń já, nítorí mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ni wọ́n rò pé àwọn ń fẹ́ràn.

Nígbà tí Bọ̀dá Akin pè pé ẹ ṣubú, mo sunkún nínú ìpàdé. Wọ́n gbàdúrà. Lẹ́yìn náà Màmá Adéoyè ní àdúrà ẹnu nìkan kò tó, pé Ṣakí kò jìnnà, kí ẹgbẹ́ háyà bọ́ọ̀sì lọ kí yín. Obìnrin méjìlá ló forúkọ sílẹ̀. Wọ́n bi mí ní agbo ilé wa, mo ní n ó lọ bèèrè. Àgbàlagbà bí èmi ló ní òun yóò lọ bèèrè agbo ilé ìyá òun. Rónkẹ́ wò mí lójú.

N kò lè jẹun lọ́sẹ̀ náà. Mo rán apá aṣọ sódì lẹ́ẹ̀mejì. Mo ronú pé kí n kó ẹrù mi kúrò ní Ìlọrin. Èrò mìíràn tún wá: bí mo bá sọ pé ìyá mi ti... Ìyá, n kò jẹ́ kí èrò náà parí. Èrò náà ló lé mi lọ sílé Màmá Adéoyè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá òótọ́ ni pé ẹ wà láàyè, bóyá òótọ́ ni pé ẹ ṣubú. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí bóyá Abẹ̀ní ni orúkọ mi lóòótọ́. Ìbéèrè yẹn ló dùn mí jù. Wọ́n ní Kétu kò bí àwọn nínú, pé ohun tó dun àwọn ni pé ọdún méjì làwọn fi ń gbàdúrà fún ìlú tí kì í ṣe tèmi. Wọ́n ní èmi fúnra mi ni n ó sọ ọ́ fún ìjọ.

Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Bàbá àgbà kan ní Kétu kì í ṣe òkèèrè, ọmọ ìyá ni wá. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan kò wò mí. Rónkẹ́ gbé báàgì rẹ̀, ó jáde kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́. Mo lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé wọn lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ kan fún mi, èyí tí òun kò sọ fún àbúrò òun, èmi kò sì lè sọ orúkọ ìlú mi fún òun. Ó ṣì ń kí mi, ṣùgbọ́n bí a ti ń kí aránṣọ ni.

Mo sọ fún Àlùhájà onílé mi pẹ̀lú. Wọ́n ní èmi làwọn gbà sílé, kì í ṣe Ṣakí, pé kí n má gbàgbé láti pa iná ẹ̀yìnkùlé.

Ìyá, nínú àwọn méjìlá, mẹ́rin ló ṣì ń bọ̀. Màmá Adéoyè ti ń ṣètò ìwé tí wọn yóò fi kọjá ẹnubodè, Bọ̀dá Akin yóò sì gbọ́ ọjọ́ tí wọn yóò dé. Rónkẹ́ kò sí nínú wọn. N kò mọ̀ bóyá ìkíni ni wọ́n ń bọ̀ wá kí yín, tàbí wọ́n ń bọ̀ wá wò ó bóyá irọ́ kejì ni mo pa. Bóyá méjèèjì ni. N kò lè dá wọn lẹ́bi.

Bí wọ́n bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bínú sí mi lójú wọn. Ẹ bá mi wí nígbà tí mo bá délé, n ó kúnlẹ̀ gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá bèèrè, ẹ sọ agbo ilé wa fún wọn, ẹ fi sàréè bàbá mi hàn wọ́n. Ẹ kàn sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ bí mi.

Kí Ọlọ́run fi ọwọ́ tútù kàn yín lára, kí ó jẹ́ kí n bá yín lórí ìdúró. Mo kí àwọn ìyá ìjọ, mo kí gbogbo aládùúgbò, àwọn tó ń bèèrè mi àti àwọn tó ti gbàgbé mi.

Èmi ni, ọmọ yín,
Abẹ̀ní, ará Kétu.