Dáìsì Olójú Ogún

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́, mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín láyọ̀, kí orúnkún tó ń dà yín láàmú sì ti jọ̀wọ́ yín. Èmi náà wà láàyè, mo sì ń jẹun. Ẹ fojú fo àṣìṣe ọwọ́ mi o, ẹ kúkú mọ ibi tí mo bá ilé ìwé dé.

Ẹ bi mí pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni ọkọ mi ń ṣe. Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́, torí mo rò pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Eré ló ń dá lẹ́jọ́. Àwọn eré kan wà tí àgbàlagbà máa ń jókòó yí tábìlì ká ṣe: ẹnì kan á máa sọ ìtàn bí ẹní pàlọ́, àwọn yòókù á di ọdẹ, oṣó tàbí òmìrán nínú ìtàn náà. Bí ọdẹ bá ní òun fẹ́ fò kọjá ọ̀gbun, dáìsì ni wọ́n máa jù: bí iye tó yọ sókè bá pọ̀, ó fò ó; bó bá kéré, ó já sínú rẹ̀. Dáìsì ọ̀hún kì í ṣe olójú mẹ́fà bíi ti lúdò o, ogún ojú ló ní. Àwọn tó ń ṣe eré yìí fún títà máa ń kó o wá sí ọ́fíìsì ìwé ìròyìn tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, tòun ti ìwé òfin rẹ̀ àti àwọn ère kéékèèké tí kò ga ju ìka lọ. Ọkọ mi á yẹ gbogbo rẹ̀ wò, á sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wọn bóyá ó dára tàbí kò dára. Ohun tó bá ti kọ, abẹ gé e. Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, Ojú Àwòdì kò ríran dáadáa mọ́. Ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé rẹ̀ ni mo mọ̀. Ó na ère kan sí mi, ó ní, “Ìyàwó mi, àwọ̀ wo ni wọ́n kun apata ọwọ́ rẹ̀?” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, àáké ló dì mú.” Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n má baà gbọ́ ní ọ́fíìsì.

Bí mo ṣe di ojú rẹ̀ nìyẹn. Ó ń kó àwọn eré náà wá sílé, mo ń ka ìwé òfin sí i létí bí ìgbín tó ń gòkè. Á ní, “Rọra máa kà á, òmìrán yẹn ò ní sá lọ.” Kí n má parọ́, inú mi dùn. Èmi tí ẹnikẹ́ni kì í bi léèrè ọ̀rọ̀ nílé wa, èmi ni ọkùnrin ń bi pé, “Kí lo rí?” Láràárọ̀ ló tún máa ń ní kí n wo ojú òun, bóyá ó ti ń mọ́. Mo máa ń dá a lóhùn pé, “Ó ti ń mọ́ sí i.” Kò mọ́ sí i o.

Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dán dáìsì wò. Èèyàn á po iyọ̀ mọ́ omi nínú abọ́ títí dáìsì á fi léfòó, á wá máa fìka ta á yí. Bó bá jẹ́ pé ojú kan náà ló ń yọ sókè ṣáá, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ wúwo jù, kò dára nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan ni àpótí kan dé láti ọwọ́ bàbá tó kọ́ ọkọ mi níṣẹ́, tó gbà á sílé nígbà tí kò ní ẹnì kan. Bàbá ti darúgbó, eré àkọ́kọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló wà nínú rẹ̀. Ọkọ mi ń fọwọ́ pa àpótí náà bí orí ọmọ tuntun. Mo gbé dáìsì lọ sí ilé ìdáná, mo jù ú sínú omi iyọ̀. Mẹ́ta. Mo ta á yí. Mẹ́ta. Ìgbà mẹ́wàá, mẹ́ta ni. Ọkọ mi kígbe láti pálọ̀ pé, “Báwo ni? Bàbá mi kì í ṣe jákujàku, àbí?” Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ mí. Bí ọ̀rọ̀ bá máa dun èèyàn, mi ò lè sọ ọ́ jáde. Mo ní, “Ó dára gan-an ni.”

Ó yìn ín nínú ìwé ìròyìn bí kò ṣe yin eré kankan rí. Àwọn èèyàn rà á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà bú àwọn oníwèé ìròyìn náà: mẹ́ta ló ń yọ ṣáá, ọdẹ gbogbo ń já sí ọ̀gbun kan náà. Ọ̀gá ọ́fíìsì pe ọkọ mi síwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó gbé dáìsì méjì kalẹ̀, ó ní kó mú èyí tó jẹ́ ti Bàbá. Ó nawọ́, ife tíì ló fọwọ́ gbá dànù. Ẹnì kan ní, “Áà, àwòdì ò mọ adìyẹ mọ́!” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà ni wọ́n ní kó máa lọ sílé. Àwọn onísọ́ọ̀bù dá eré Bàbá padà fún un pátá, kò jáde nílé mọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló rán sí wa: “Ká ní ọmọ mi sọ fún mi ni, ǹ bá tún un ṣe.”

Ọkọ mi jókòó sí àga kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń sọ fún mi pé, “Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ, o kò rí i ni.” Ọ̀rọ̀ yẹn ń gún mi bí abẹ́rẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Kò pariwo. Ó gba dáìsì náà, ó ń yí i lọ́wọ́ títí. Ó wá ní, “Mo lè fara da ojú tí kò ríran. Ojú tó ń purọ́ fún mi ni n kò lè fara dà.” Ó kọjú sí fèrèsé. “Ó yá, bẹ̀rẹ̀ lónìí. Wo ojú mi. Kí lo rí?”

Mo dìde lórí eékún, mo wò ó dáadáa. Mo ní, “Tòsì ti funfun bí omi ìrẹsì. Tọ̀tún, funfun náà ti yí etí rẹ̀ ká, kò tíì dé àárín.” Ó mi orí. Ó ní, “Mú bàtà mi wá.”

Dókítà ní tòsì ti lọ. Tọ̀tún, wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n òun kò ṣèlérí. Ó ní ká ní a ti wá lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni. Oṣù mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo ṣe pẹ́ tó nílé ọkọ nìyẹn.

Ẹ bá wa gbàdúrà. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ fojú sunkún ọmọ, ilé yín kò ní ṣókùnkùn, ẹnu yín kò sì ní wúwo lọ́jọ́ tí òtítọ́ bá máa gbà yín là.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Ìyàwó Ojú Àwòdì.

Mo tún rántí: mo ti ka lẹ́tà yìí sí ọkọ mi létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní kí n má yọ nǹkan kan kúrò. Dáìsì náà wà nínú àpòòwé. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀, bí mo bá sì wá kí yín, tí ẹ bi mí bóyá aṣọ tí ẹ wọ̀ dára, ẹ gbé e síwájú mi kí n tó dáhùn.