Ará Sípéènì Inú Ìdílé Wa

Dublin,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá.

Bàbá mi àgbà,

Mo kí yín níbi tí ẹ jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ìka yín má sì dùn yín jù láti ṣí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án rèé tí mo ti dé yunifásítì. Mi ò tíì ní ọ̀rẹ́. Bí mo bá lanu ní kíláàsì, wọ́n á ní, "Ará erékùsù, tún un sọ." Àárò ilé ń sọ mí, pàápàá òórùn èéfín ilẹ̀ àbàtà tí a máa ń gé, tí a ń sá, tí a fi ń dáná.

Mo rántí ọjọ́ tí a lọ gé e lọ́dún tó kọjá. Ẹ bọ́ ẹ̀wù, Séarlas aládùúgbò wa rí ẹ̀yìn yín tó pọ́n bí idẹ, ó ní, "Frainc, ará Sípéènì yẹn tún ti gùn ọ́ o."

Ẹ ní, "Ìlara ló ń dà ọ́ láàmú, ìwọ aláwọ̀ wàrà. Ọkọ̀ ogun ni bàbá ńlá tèmi wọ̀ wá. Ewúrẹ́ ni tìẹ tẹ̀ lé wá."

Lẹ bá tún ìtàn náà sọ: atukọ̀ Sípéènì tí ìjì gbé jù sí etíkun wa, tó fẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, tó fi àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ẹ ní Mánas ẹ̀gbọ́n yín náà ní in, kó tó kú lọ́mọ ọdún méjìdínláàádọ́ta.

Lóṣù tó kọjá, olùkọ́ wa ní kí ẹni tó bá fẹ́ tutọ́ sínú ìgò kékeré, ká wo ohun tí a jogún. Inú mi dùn. Mo rò pé atukọ̀ yẹn ló máa sọ mí di èèyàn láàárín wọn. Bàbá, kò sí níbẹ̀. Egungun àwọn tí wọ́n sin sílẹ̀ wa ní nǹkan bí ẹgbàajì ọdún sẹ́yìn ni èsì mi jọ.

Wọ́n tún rí àrùn ajogúnbá kan tó wọ́pọ̀ láàárín àwa ará Írẹ́lándì, tó ń mú kí irin inú oúnjẹ kó jọ sínú ara. Ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí kan, bíi tèmi, kì í sábà mọ̀ ọ́n lára. Bó bá jẹ́ lọ́dọ̀ òbí méjèèjì, irin lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Olùkọ́ bi mí bóyá oríkèé ìka ń dun ẹnìkan nílé, bóyá àwọ̀ rẹ̀ di idẹ nígbà tó dàgbà. Mo rántí fọ́tò ìgbéyàwó yín. Ẹ funfun níbẹ̀ bíi Séarlas.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ọjọ́ Ẹtì, kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á kàn máa fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára yín ni, kí irin náà lè dínkù. Mo mọ̀ pé á dùn yín láti pàdánù atukọ̀ wa. Ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ ti sin Mánas. Ẹ má jẹ́ kí n wálé wá sin yín.

Kí òkun rọ̀ fún yín lọ́jọ́ náà, kí n sì bá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ní Kérésì.

Èmi ni ọmọ-ọmọ yín tó gbé imú yín wá sí Dublin,
Nábla.

Mo tún rántí: Bí Séarlas bá bi yín pé àwọ̀ idẹ yín dà, ẹ ní ó ti wọkọ̀ padà sí Sípéènì.