Bàbá Rẹ Jáde Nínú Ẹ̀rọ ní Ajúwọ̀n

Sàhéèdì Àkànní, ọmọ mi,

Àsàláámù àlékùn. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Àbújá? Ìlú àjèjì kò ní jẹ yín níyà, ẹ kò sì ní fẹsẹ̀ kọ níbi tí kò sí ará ilé, àmín. Àwa náà wà ní àlàáfíà níbí n'Ífọ̀, àfi orúnkún mi tó máa ń dún tí mo bá fẹ́ dìde. Ewúrẹ́ mi ti bímọ.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi mú bíírò ni ti fọ́tò Bàbá rẹ tó wà lára ògiri, ọ̀kan ṣoṣo tí a ní. Òjò ọdún yìí jò wọ inú dígí rẹ̀, funfun kan ti jẹ èjìká rẹ̀, ó sì ń rá bọ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìwọ ṣì ń rá ní tìrẹ nígbà tí ó kú, fọ́tò yẹn nìkan lo mọ̀ ní bàbá. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá, nítorí bí ojú yẹn bá lọ, kí ni màá fi júwe rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ?

Fúnmi, ọmọ Ìyá Adépọ̀jù, tó ń fi aṣọ gígé rán aṣọ ìbora ní Ajúwọ̀n, ló ní kí n gbé e wá, kí n sì kó bùbá àtijọ́ Bàbá rẹ dání. Ó fi fóònù ya fọ́tò náà. Mo yára wo fọ́tò bóyá Bàbá rẹ ṣì wà nínú rẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ó sì tún wà nínú fóònù. Fúnmi ti rẹ aṣọ funfun kan sínú omi oògùn tó ń jẹ́ kí tàdáwà mú aṣọ, ó ti sá a gbẹ, ó wá lọ̀ ọ́ mọ́ bébà kan tó ń dán kí ó lè le, ó sì kì í bọ ẹnu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà nínú yàrá rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Kò sí wáyà láàárín fóònù àti ẹ̀rọ o, Sàhéèdì, mo fọwọ́ wá a.

Fìlà Bàbá rẹ ló kọ́kọ́ yọ, iwájú orí tẹ̀lé e, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tẹrí ba jáde lẹ́nu ọ̀nà kúkurú. Kí ojú tó yọ, mo ti kúnlẹ̀. Fúnmi béèrè ohun tó jábọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, “Kò sí ohun tó jábọ́, ọkọ mi ló ń bọ̀.”

Ibi imú ni ẹ̀rọ ti dúró, Fúnmi ní tàdáwà dúdú tán. Mo ní kí n sáré lọ bu aró wá, Fúnmi ní ẹ̀rọ náà kì í mu aró. Ó rọ tàdáwà mìíràn sí i, ẹnu Bàbá rẹ náà sì jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Àfi bó ṣe bó bébà kúrò lẹ́yìn aṣọ tó sì rì í bọmi. Omi dúdú. Mo figbe ta pé ó ti ń lọ. Fúnmi ní èyí tí aṣọ kò gbé mì nìkan ló ń ṣàn, èyí tó ti gbé mì kò lọ mọ́. Mo rántí bí ìyá mi ṣe máa ń ṣan àdìrẹ. Nígbà tó fà á yọ, Bàbá rẹ ṣì ń wò mí, mo sì sunkún ayọ̀.

Fúnmi ti fi bùbá Bàbá rẹ yí i ká, ó ki òwú sí i láàárín, ó di aṣọ ìbora, òun ni mo ń bò sùn. Apá àyà ni mo ń fi ojú rẹ̀ sí, ta ló máa nasẹ̀ sójú ọkọ rẹ̀?

Fúnmi fi àyè funfun kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú Bàbá rẹ fún ìwọ. Ó ní kí o fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí fóònù, ó tó. Mo ní rárá. Bàbá rẹ kò lè wá mọ́, ìdí nìyẹn tí a fi pè é nínú bébà. Ìwọ lè wá. Iléyá tó ti kọjá láìrí ọ ti pọ̀. Wá jókòó síwájú ẹ̀rọ náà, kó fojú ara rẹ̀ rí ọ.

Jọ̀wọ́, fi owó páànù ránṣẹ́, ilé ṣì ń jò, kí o sì fi ti tàdáwà kún un. Owó ọkọ̀ tìrẹ ni kí o má fi ránṣẹ́, òun ni kí o fi wọlé.

Ọlọ́run yóò lọ́ra ẹ̀mí rẹ, wàá pẹ́ láyé jù Bàbá rẹ lọ, àwọn ọmọ rẹ kò ní tipasẹ̀ bébà mọ̀ ọ́. Àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì funfun.

Èmi ni ìyá rẹ,
Wòsílátù